Ilé Àjọgbé Ní Sùúrùlérè

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Costain, tó ti kọjá Ìpọ́nrí, ibẹ̀ ni kọ̀ńdọ́ ti máa ń gbé ohùn sókè: “Stédíọ̀mù! Bárékè! Ojúẹlẹ́gbá!” Ẹni tó fẹ́ sọ̀ á ti ké láti ìjókòó ẹ̀yìn pé, “Stédíọ̀mù wà o!” Dẹ́rẹ́bà á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èrò á sọ̀, ọkọ̀ á tún gbéra. Láti àárọ̀ títí di òru ni wọ́n ń pe orúkọ yẹn ní Western Avenue, títì tí ìjọba ti sọ ní Funsho Williams. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀ níbẹ̀ ò bá eré ìdárayá wá. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ, tàbí ọjà, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí ọ̀nà Alhaji Masha. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 lè ti gba iwájú ilé ńlá náà kọjá láìmọye ìgbà, kó má rí ọjọ́ kan ṣoṣo tí Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí National Stadium, ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá délẹ̀, bọ́ọ̀lù la fi ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà la fi ń parí: ife tí a gbà níbẹ̀ ní 1980, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ wa níbẹ̀ ní 2000, àti bí Àbújá ṣe gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, nítorí bọ́ọ̀lù dùn. Àmọ́ wọn ò kọ́ ilé yẹn fún bọ́ọ̀lù nìkan. Ilé àjọgbé ni. Sárésáré, òmùwẹ̀, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, agbátẹníìsì, kálukú ló ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣe ilé náà ni pé a jẹ́ kí ayálégbé kan ṣoṣo di onílé mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Nígbà tí ayálégbé náà wá kó jáde, ìjọba àti àwa ará ìlú hùwà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó kù nínú ilé mọ́.

Ṣáájú Sùúrùlérè

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Sùúrùlérè, Oníkàn ni ojú gbogbo èèyàn Èkó ń wò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ ọba wọn, King George Karùn-ún, pe pápá ibẹ̀. Níbẹ̀ ni ará Èkó ti mọ Teslim Balogun, tí wọ́n ń pè ní Thunder nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Orúkọ pápá náà ti yí padà léraléra. Mobolaji Johnson Arena ló ń jẹ́ báyìí, ní ìrántí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ilé àti títì ti há a mọ́ àárín ní Erékùṣù. Kò sí ibi tó lè nà sí.

Ìbàdàn ló ṣáájú Èkó nínú ọ̀rọ̀ stédíọ̀mù ńlá. Ní 1960, ọdún òmìnira, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí Liberty Stadium ní Òkè Àdó. Ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni, ìjọba tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tó ti dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nílùú kan náà ní 1959. Lọ́dún 2010 ni wọ́n wá fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pe stédíọ̀mù náà.

Ẹ̀ṣẹ́ ló gbé orúkọ Liberty dé òkè òkun, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, wọ́n ri òpó, wọ́n ta okùn yí i ká ní Liberty, Dick Tiger àti Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà sì wọ inú rẹ̀ lọ láti jà fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n máa pàdé nìyẹn. Tiger ti borí ní San Francisco ní 1962, wọ́n sì ta ọ̀mì ní Las Vegas níbẹ̀rẹ̀ 1963. Ní Ìbàdàn, ìyà tí Tiger fi jẹ Fullmer pọ̀ débi pé nígbà tí aago ìpele kẹjọ fẹ́ lù, ọkùnrin náà ò lè dìde lórí àpótí rẹ̀ mọ́. Òun ni ìjà àkọ́kọ́ fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé tó wáyé nílẹ̀ àwọn adúláwọ̀ ní Áfíríkà. Orúkọ àbísọ Tiger ni Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò ni, àwọn ará Ìbàdàn sì hó fún un bí ẹni pé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí i sí. Ọdún mẹ́rin péré ló kù kí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ohun tí stédíọ̀mù lè ṣe fún orílẹ̀-èdè ti hàn níbẹ̀, kí a tó wá rí ohun tí ìbọn lè ṣe.

Eré Bamako tó bọ́ sí Èkó

Bí kì í bá ṣe pé ìjọba Mali wó, bóyá Èkó ì bá má ní stédíọ̀mù yẹn nígbà tó ní in. Brazzaville ló gba Eré Gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́ lálejò ní 1965. Bamako ni wọ́n fún ní èkejì, fún ọdún 1969. Lóṣù kọkànlá 1968, àwọn ológun gbàjọba ní Mali, ètò náà sì dàrú. Nàìjíríà ló wá gbà á. Abraham Ordia, ọmọ Nàìjíríà, ló jẹ́ ààrẹ àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá ní Áfíríkà lákòókò náà, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń wá àlejò. Oṣù kìíní 1970 ni ogun Biafra parí. Ìjọba Gowon ti kéde pé kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tó pàdánù. Ó wá ń wá ibi tí ọmọ Enugu, ọmọ Kano àti ọmọ Abẹ́òkúta yóò ti wọ aṣọ kan náà, kí ayé sì rí wọn.

Sùúrùlérè ni wọ́n yàn, ìlú titun sì ni Sùúrùlérè fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí 1955, nígbà tí ìjọba ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ní ó ti há jù, ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Àwọn tó sunkún kúrò nílé bàbá wọn ní Erékùṣù ni ọmọ wọn wá di ọmọ àdúgbò stédíọ̀mù. Ní 1972 iṣẹ́ parí. Ìjókòó 55,000 ló wà nínú rẹ̀, àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún odò ìwẹ̀ tó bá ìwọ̀n Olympics mu, gbọ̀ngàn eré abẹ́ òrùlé àti pápá tẹníìsì.

Ọjọ́ 7 oṣù kìíní 1973 ni eré bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ò tíì pé tí ogun parí. Fún ọjọ́ méjìlá, wọ́n sáré, wọ́n wẹ̀, wọ́n kan ẹ̀ṣẹ́, wọ́n gun kẹ̀kẹ́, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, tẹníìsì àti ẹyin orí tábìlì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Èkó òde òní mọ̀ nípa ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Módúpẹ́ Oshikoya. Wúrà mẹ́ta ni ọmọbìnrin náà gbà nínú stédíọ̀mù yẹn: ó fo sókè ju gbogbo wọn lọ, ó fo jìnnà ju gbogbo wọn lọ, ó tún borí nínú eré mítà 100 tí wọ́n ń fo igi ìdènà. Ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń fo sókè, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń sáré, ó sì ní gbogbo rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba wúrà nínú fífo jìnnà ní Eré Commonwealth ní Christchurch. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ní Ojúẹlẹ́gbá lónìí pé ta ló kọ́kọ́ di ìràwọ̀ ní National Stadium, orúkọ agbábọ́ọ̀lù ni yóò dá. Obìnrin sárésáré ló ṣáájú wọn.

Níbẹ̀ náà ni Filbert Bayi ti Tanzania, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ti fi ẹ̀yìn Kipchoge Keino gbolẹ̀ nínú eré mítà 1500. Keino ti gba wúrà Olympics lórí eré yẹn ní 1968. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ayé ò tíì mọ̀ já a sílẹ̀ níwájú àwọn ará Èkó. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Bayi ló sáré mítà 1500 yára jù lọ láyé, ní Christchurch kan náà tí Módúpẹ́ ti gba wúrà. Nàìjíríà na Guinea 2-0 nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù, wúrà sì ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nínú ọdún àkọ́kọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ní ilé ni.

Lọ́dún kan náà ni wọ́n ṣe Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́, níbẹ̀ náà. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ti bá ara wọn jagun wá ń bá ara wọn sáré.

Bí ilé àjọgbé ṣe ń rí

Kò rọrùn kí eré púpọ̀ jọ gbé ibì kan, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ó rọrùn. Koríko bọ́ọ̀lù ló wà láàárín, ọ̀nà eré ìje sì yí i ká, ìyípo kan jẹ́ mítà 400. Orí koríko tí agbábọ́ọ̀lù ti ń sáré lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ kan náà ni ọ̀kọ̀, àwo àti irin olókùn tí àwọn alágbára ń jù máa ń já sí. Irin tí ọkùnrin ń jù wúwo ju kílò méje lọ. Tó bá já bọ́ láti òkè, ó ń gbẹ́ ihò tí agbábọ́ọ̀lù lè fi ọrùn ẹsẹ̀ kó sí. Ẹni tó ń tọ́jú pápá gbọ́dọ̀ wá kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó da iyẹ̀pẹ̀ sí i, kó tẹ̀ ẹ́, kó bomi rin ín. Ẹ tún wo ọ̀nà eré ìje náà. Rọ́bà ló wà lójú rẹ̀. Oòrùn Èkó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bàtà bọ́ọ̀lù ń họ ọ́ nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ń rékọjá lórí rẹ̀, mọ́tò tí wọ́n bá jẹ́ kó gorí rẹ̀ a sì fà á ya.

Koríko fúnra rẹ̀ nílò ìsinmi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojoojúmọ́ ló ń fẹ́ omi. Nígbà òjò, ojú ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á dúró, gbòǹgbò á jẹrà. Bí wọ́n bá gbé ìsọjí tàbí àríyá wá sórí rẹ̀, tí wọ́n to àga, tí wọ́n gbé pèpéle kalẹ̀, koríko tó wà lábẹ́ pèpéle kì í rí afẹ́fẹ́ títí wọn yóò fi tú u.

Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń ráhùn pé ọ̀nà eré ìje ń mú òǹwòran jìnnà sí pápá. Òótọ́ ni, ẹni tó jókòó lẹ́yìn ilé gọ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè ò lè rí ojú agbábọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, orí ọ̀nà tó jìnnà yẹn ni Módúpẹ́ ti gba wúrà. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò kí bọ́ọ̀lù lè sún mọ́ ojú, ẹ sọ fún mi ibi tí ọmọbìnrin mìíràn yóò ti sáré ní Èkó.

Ọjọ́ ayọ̀, ọjọ́ ẹkún

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1977, FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, bẹ̀rẹ̀ nínú stédíọ̀mù náà. Adúláwọ̀ láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà, Brazil àti Kúbà tò kọjá níwájú Ọ̀gágun Ọbásanjọ́. Wọ́n tú ẹyẹlé 1,000 sílẹ̀, oníṣàngó kan sì tan iná ayẹyẹ náà. Ohun tí ìyẹn jẹ́ fún àwọn tó wá láti Bahia àti Havana, tí àwọn bàbá ńlá wọn ti gbé Ṣàngó lé orí kọjá òkun nínú ìdè, kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti kó wọn lọ, níwájú ìjọba, ẹni Ṣàngó ló ṣí ìlẹ̀kùn.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Nàìjíríà ń bá Tunisia gbá bọ́ọ̀lù láti lọ sí Ife Àgbáyé ní Argentina. Bọ́ọ̀lù kan fò wá síwájú ilé, Godwin Odiye fẹ́ fi orí gbá a jáde, ló bá wọlé lẹ́yìn Emmanuel Okala tó ń ṣọ́lé. Òmìnú kọ gbogbo stédíọ̀mù. A pàdánù 1-0, ọdún mẹ́tàdínlógún sì kọjá kí Nàìjíríà tó dé Ife Àgbáyé.

Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi sunkún náà. Ní 1980, Ìdíje Ife Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, wọ́n sì pín in sí méjì: Sùúrùlérè ní Èkó, Liberty ní Ìbàdàn. Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ni àṣekágbá, Nàìjíríà àti Algeria. Àwọn tó wọlé pọ̀ ju ìjókòó lọ fíìfíì. Ìṣẹ́jú kejì, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá a wọlé. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, ó tún fi òmíràn kún un. Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta wọlé ní ìṣẹ́jú 50. Ààrẹ Shehu Shagari gbé ife fún Christian Chukwu, balógun ẹgbẹ́. Àwọn ará Ìbàdàn ò ní gbàgbé láé pé Ọdẹ́gbàmí, Muda àti Best Ogedegbe tó ṣọ́lé lọ́jọ́ náà, ọmọ IICC ni wọ́n, ẹgbẹ́ tó ti fún Nàìjíríà ní ife Áfíríkà àkọ́kọ́ láàárín àwọn kìlọ́ọ̀bù ní 1976.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo rò pé bọ́ọ̀lù gba ilé. Ta ló lè bá ife wúrà jiyàn? Bí ó bá ti di pé owó fẹ́ jáde, koríko ni wọ́n ń rántí. Odò ìwẹ̀ ò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń pariwo orúkọ rẹ̀.

Oṣù kẹjọ 1989 fi ohun tí àjọgbé jẹ́ hàn ju oṣù èyíkéyìí lọ, ó sì bani nínú jẹ́. Láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 8, Èkó gba ìdíje eré ìje gbogbo Áfíríkà lálejò. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí àwọn sárésáré lọ, Sátidé ọjọ́ 12, ó yí kan bọ́ọ̀lù: Nàìjíríà àti Angola, nítorí Ife Àgbáyé Italy. Samuel Okwaraji wà láàárín pápá. Lọ́yà ni, ó ti kàwé gboyè gíga nínú òfin ní Rome, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé kò sẹ́ni tó lè dí òun lọ́wọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ bàbá òun. Ọmọ ọdún 25 ni. Ní ìṣẹ́jú 77, kò sẹ́ni tó fara kàn án, ó ṣubú. Kò dìde mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn lẹ́yìn náà pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Àwọn òǹwòran kan pẹ̀lú kú lọ́jọ́ yẹn nínú ìfúnpọ̀ èrò. Nàìjíríà borí 1-0. Kò sẹ́ni tó jó.

Ère Okwaraji wà níwájú stédíọ̀mù títí dòní. Ère dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ikú rẹ̀ àti ikú àwọn òǹwòran yẹn béèrè lọ́wọ́ wa ju ère lọ: dókítà tó ń yẹ ọkàn eléré wò kó tó wọ pápá, ẹ̀rọ tó lè jí ọkàn tó dákẹ́, ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ tó kí èrò lè jáde láì tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Irú ohun wọ̀nyí kò ní ìyàtọ̀ láàárín agbábọ́ọ̀lù àti sárésáré. Bí wọ́n bá wà ní stédíọ̀mù, gbogbo wọn ló ń dáàbò bò.

Kí Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ 1999 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dín ìjókòó kù sí 45,000. Spain na Japan 4-0 nínú àṣekágbá rẹ̀ ní Sùúrùlérè, ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Xavi sì wà láàárín àwọn ọmọ Spain náà; ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni òun àti orílẹ̀-èdè rẹ̀ gba Ife Àgbáyé àwọn àgbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ 13 oṣù kejì 2000 dé, àṣekágbá Ife Áfíríkà pẹ̀lú Cameroon. Wọ́n ṣíwájú wa pẹ̀lú gọ́ọ̀lù méjì, Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà, Okocha dá èkejì padà. Ó wá di gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-wọlé. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba kan igi òkè, ó já sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ó tún ta jáde. Rẹfirí ní kò wọlé. Àwọn tó wo fídíò rẹ̀ rí ohun tí wọ́n rí. Cameroon gba ife lọ, 4-3.

Nígbà tí ayálégbé ńlá kó jáde

Ìjọba ti kó lọ sí Àbújá láti 1991. Ní 2003, Àbújá ní stédíọ̀mù tirẹ̀, tó gba nǹkan bí 60,000 èèyàn, wọ́n sì ṣe Eré Gbogbo Áfíríkà ọdún náà níbẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n wá sọ ọ́ ní Moshood Abíọ́lá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Òpómúléró Eré Ìdárayá Áfíríkà ni Abíọ́lá. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí Àbújá ti ṣí ni owó ti gbẹ ní Sùúrùlérè. Super Eagles lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ, tẹlifíṣọ̀n lọ. Koríko hù ju orúnkún lọ lórí pápá tí Ọdẹ́gbàmí ti gbá bọ́ọ̀lù. Rọ́bà ọ̀nà eré ìje bó. Odò ìwẹ̀ gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí kò nílé wá ń sùn lábẹ́ àga òǹwòran. Ìjọ gbà á fún ìsọjí. Ilé ọtí, búkà àti ìsọ̀ mẹkáníìkì yí ọgbà náà ká, títí ìjọba fi pàṣẹ kí àwọn tó wà níbẹ̀ láìgbàṣẹ kó jáde.

Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé stédíọ̀mù ti kú. Mi ò gbà.

Ẹ lọ síbẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀ Sátidé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó ti gbọ́ ìró bàtà. Àwọn ìyá tó wọ ṣòkòtò eré ń yí ọgbà po, tàwúẹ̀lì lọ́rùn. Ẹgbẹ́ ìdárayá kan ti tò síwájú ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá wọn ń ka “wán, tú, tírì”, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń nà. Àwọn ọmọ tó wọ bàtà onítáyà ń fò kọjá láàárín ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, tó rọra ń tẹ tọ́tù, àti ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá. Ní jíìmù Brai Ayonote, àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ti ń fo okùn. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ gbọ́ ọ: okùn ń nà sílẹ̀ ta-ta-ta láìdáwọ́dúró, ẹni tó ń gbá àpò iyanrìn ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀gá wọn ń ké pé kó gbé ọwọ́ òsì sókè. Ìdọ̀tí àti òógùn ti sọ awọ àpò náà di dúdú. Ilé-ẹ̀kọ́ National Institute for Sports tó ń kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́ṣe náà wà nínú ọgbà kan náà, kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ sí Àbújá.

Àwọn wọ̀nyí ò kó jáde rí. Nígbà tí a ń sọ pé ilé ti di ahoro, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń fi owó ara wọn ra okùn. Wọn ò ní gbajúmọ̀ tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní rédíò. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tí wọ́n bá ń ka ọdún tí stédíọ̀mù “ò ṣiṣẹ́”. Ó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní sùúrù láti lò ó bó ṣe wà.

Títì kan láàárín

Ní ìkọjá títì, stédíọ̀mù mìíràn wà, ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n fi orúkọ Teslim Balogun sọ. Teslim kú ní 1972, ọdún tí iṣẹ́ National Stadium parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti orúkọ rẹ̀ ní 1984, wọ́n pa á tì, ìjọba kan wá, òmíràn lọ, 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Ọdún mẹ́tàlélógún! Nǹkan bí 24,000 èèyàn ló gbà. Láti ìgbà náà ni Sùúrùlérè ti ní méjì lójú kan: ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, èkejì jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Kékeré ni ìpínlẹ̀ ń lò. Ìjọba àpapọ̀ tó ni ńlá wà ní Àbújá, ó jìnnà sí i. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni yóò rí i nígbà tí òrùlé bá ń jò. Mo rò pé kí wọ́n gbé e fún Èkó ló dára jù, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó le.

Nígbà tí Sunday Dare, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ mínísítà eré ìdárayá láàárín 2019 àti 2023, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀. Ó ké sí àwọn olówó pé kí kálukú gba pápá kan tọ́jú. Aliko Dangote gba koríko Àbújá. Olóyè Kessington Adébùtú, Baba Ìjẹ̀bú, gba ti Èkó. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí pápá, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó na owó rẹ̀ fún ará ìlú. Ìjọba tún ń sọ ọ̀rọ̀ gbígbé stédíọ̀mù náà fún iléeṣẹ́ aládàáni láti máa bójú tó o, kó sì máa pa owó níbẹ̀.

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí. Oníṣòwò tó bá gba ilé yẹn yóò wá owó níbi tí owó wà: bọ́ọ̀lù, àríyá, ṣọ́ọ̀bù, ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kò ní burú, bí àwọn yòókù bá ti wà nínú ìwé kó tó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà eré ìje yóò ṣí láti agogo márùn-ún àárọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sáré, láìgba kọ́bọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pé jíìmù ẹ̀ṣẹ́ ò ní di ilé ìtajà. Kí iye àríyá àti ìsọjí tó lè gorí koríko lọ́dún ní òǹkà, kí ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá kọjá rẹ̀. Kí ìdá kan nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù máa lọ tààrà sórí àwọn eré tí kò lè ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n bá sì béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, odò ìwẹ̀ ni mo máa mẹ́nu bà. Omi ló yí Èkó ká, ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Mushin àti Ajégúnlẹ̀ ò mọ omi wẹ̀, wọ́n sì ń bá omi lọ lọ́dọọdún. Olùkọ́ méjì, omi tó mọ́, owó ìwọlé tí òbí tó ń ta bọ̀ọ̀lì lè san, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò. Koríko bọ́ọ̀lù á rí olówó mìíràn.